PCV 29: Ṣé Kí N Pa Jíìmù Tì?

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí ṣe bí ẹni pé àwọn tó kọ ọ́ ti jọ ṣàdéhùn: ẹ̀jẹ̀ àti irin gbígbé ni gbogbo wọn dá lé. A mú mẹ́rin nínú wọn.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 36 ni mí, Kubwa ni mo ń gbé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni mò ń lọ jíìmù. Láìpẹ́ yìí, irin tí mo máa ń gbé wẹ́rẹ́ ti ń wúwo, òòyì ń kọ́ mi tí mo bá dìde láti orí squat (kí ènìyàn lóṣòó kó sì dìde pẹ̀lú irin léjìká), mo sì ń mí hẹlẹhẹlẹ tí mo bá gun àtẹ̀gùn. Láàbù ní PCV mi jẹ́ 29. Ọkọ mi ní kí n pa jíìmù tì. Tirénà mi ní kí n máa fi mílíìkì lu mọ́ọ̀tì mu. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? — Ìyá Ìbejì, Kubwa

Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ, ìyá. Ọkọ yín kò jẹ̀bi tán, tirénà yín kò sì jàre.

PCV ń sọ ìwọ̀n tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú ẹ̀jẹ̀ yín, àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ló sì ń gbé ọ́síjìn káàkiri ara. Ẹ fi 3 pín 29, ẹ óò rí i pé hẹmoglóbíìnù yín, èròjà inú sẹ́ẹ̀lì pupa tó ń di ọ́síjìn mú, wà ní nǹkan bíi 9.7. Àjọ WHO ní tí ti obìnrin tí kò lóyún bá ti wá sílẹ̀ ju 12 lọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó nìyẹn. Ti ọkùnrin jẹ́ 13. Iṣan itan yín ń béèrè ọ́síjìn tí ẹ̀jẹ̀ kò ní, ọkàn wá ń sáré kí ó lè bá a dí i. Òun ni èémí yín ṣe ń kúrú, kì í ṣe pé ẹ ti ya ọ̀lẹ.

Àmọ́ PCV kì í sọ ìdí tí ẹ̀jẹ̀ fi dín kù. Ẹ padà sí láàbù, kí wọ́n ṣe FBC (àyẹ̀wò kíka gbogbo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀) tó ní MCV (bí sẹ́ẹ̀lì pupa ṣe tóbi tó) nínú, ferritin, jínótáìpù, àyẹ̀wò ibà àti ti oyún. Tí MCV bá wá sílẹ̀ ju 80 lọ, a jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì pupa yín kéré ju bó ṣe yẹ lọ, àìtó áyọ̀ọ̀nù (iron, èròjà oúnjẹ tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀) ló sì sábà máa ń fa ìyẹn. Ferritin ló ń sọ bí àká áyọ̀ọ̀nù ṣe kún sí: tí kò bá tó 15, àká ti gbẹ. Ẹ má ṣe é lọ́jọ́ tí ibà bá wà lára yín o, torí ibà máa ń ti ferritin gòkè, èsì á wá dà bí ẹni pé kò sí nǹkan.

Ẹ kò mẹ́nu ba nǹkan oṣù yín, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni a óò kọ́kọ́ wò. Tí ẹ bá ń pààrọ̀ páàdì ní wákàtí kan sí méjì, tó ń kọjá ọjọ́ 7, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ dídì ńláńlá ń bá a jáde, ẹ lọ ṣe skáànù, bóyá fibroid (iju inú ilé ọmọ) ni. Áyọ̀ọ̀nù tí ẹ bá ń lò láìdí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ, omi inú ajere ni.

Ti mọ́ọ̀tì àti mílíìkì ńkọ́? Ṣúgà ló pọ̀ jù nínú mọ́ọ̀tì, kálísíọ̀mù inú mílíìkì sì máa ń dí áyọ̀ọ̀nù lọ́nà. Àwa tí a ń gbé lókè Ọya níbí tún ní tiwa: tíì mai shayi tó dúdú kirikiri pẹ̀lú búrẹ́dì àti ẹyin láàárọ̀, fura da nono (jéró pẹ̀lú wàrà) lọ́sàn-án; àwọn náà máa ń dí áyọ̀ọ̀nù lọ́nà. A ò ní kí ẹ má mu wọ́n. Ẹ ṣáà jẹ́ kí wákàtí méjì wà láàárín wọn àti oògùn áyọ̀ọ̀nù.

Oògùn ọ̀hún, ferrous sulphate 200 mg ni dókítà sábà máa ń kọ. 65 mg áyọ̀ọ̀nù ló wà nínú ẹyọ kan. Ẹyọ kan lóòjọ́, kí inú ṣófo, pẹ̀lú omi ọsàn. Ìgbẹ́ yín á dúdú, ẹ má fòyà. Tí inú bá ń run yín tàbí tí ìgbẹ́ bá le, ẹ máa lò ó lọ́jọ́ kan kí ẹ fo ìkejì. Láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, ó yẹ kí PCV ti fi nǹkan bíi 6 gòkè. Bí kò bá sún, ẹ má sọ ẹyọ kan di mẹ́ta, dókítà ni kí ẹ padà lọ bá. Tí PCV bá sì ti pé bó ṣe yẹ, ẹ tún lò ó fún oṣù 3 kí àká lè kún. Kí ẹ tó fẹnu kan ẹyọ kan, ẹ mọ jínótáìpù yín ná: ẹni tó jẹ́ SS (tó ní àìsàn sẹ́ẹ̀lì dòjé), tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára léraléra, áyọ̀ọ̀nù lè ti pọ̀ jù lára rẹ̀.

Ó ku jíìmù. Tí PCV bá wá sílẹ̀ dé 24, tàbí tí àyà ń dùn yín, tàbí tí ọkàn ń lù kìkìkì nígbà tí ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ dáwọ́ dúró pátápátá, kí ẹ lọ rí dókítà. Ní 29, tí dókítà bá ti yẹ̀ yín wò tó sì fọwọ́ sí i, ẹ lè máa gbé irin, àmọ́ ẹ dín in kù. Ẹni tó ń fi 40 kílò ṣe squat, kó mú un wá sí nǹkan bíi 24. Sẹ́ẹ̀tì méjì péré, ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú 3 láàárín wọn, kí ẹ sì dúró nígbà tó ṣì ku mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹ lè gbé. Ibi tí ènìyàn ti ń jókòó gbé irin dára fún yín jù báyìí, torí bí òòyì bá kọ́ ẹni tí irin wà léjìká rẹ̀, ìyọnu dé. Eré ìdárayá àṣetẹ̀léra tí kì í ní ìsinmi láàárín, èyí tí àwọn tirénà fẹ́ràn, ẹ pa á tì ná. Tí PCV bá ti kọjá 33 tí òòyì sì ti lọ, ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ̀yin olóòtú, AS ni mí, ọmọ ọdún 24. Wọ́n ní AS kò gbọ́dọ̀ gbé irin. Ṣé òótọ́ ni? — A. K., Jos

Rárá o. AS kì í ṣe àìsàn SS, irin gbígbé tó ní ìsinmi láàárín kò sì ní ẹ̀bi kankan. Ohun tí ẹ̀yin ní láti sá fún ni àṣejù tí kò ní ìsinmi nínú oòrùn pẹ̀lú òùngbẹ: eré àsápajúdé léraléra, yíyí táyà tírélà títí àárẹ̀ yóò fi dé. Níbẹ̀ ni ọ́síjìn ti ń dín kù nínú iṣan, omi ara ń gbẹ, sẹ́ẹ̀lì pupa á wá tẹ̀ bí dòjé, á sì dí òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké. Iṣan á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, ìdọ̀tí rẹ̀ á sì lọ ba kíndìnrín jẹ́.

Ní 2016, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde lórí ọmọ ogun Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó tó nǹkan bí 48,000. Ikú kò pa àwọn AS ju àwọn yòókù lọ, àmọ́ iṣan wọn máa ń bàjẹ́ bẹ́ẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ.

Ẹ kọ́ bí ẹ ó ṣe mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí pajápajá. Pajápajá máa ń mú iṣan le gbagidi lábẹ́ ọwọ́, ẹni tó mú á sì kígbe. Ti AS, ẹsẹ̀ á kàn rọ, iṣan á rọ̀ lábẹ́ ọwọ́, ẹni náà á ṣubú jẹ́ẹ́ bó tilẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀. Ẹ má sọ fún un pé kó mọ́kàn le. Ẹ gbé e síbòji, ẹ fún un lómi, ẹ fi omi tútù tù ú lára, kí ẹ sì máa gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ìtọ̀ tó bá dúdú bíi Coke lẹ́yìn iṣẹ́, ilé ìwòsàn náà ni, lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Jos ga ju 1,200 mítà lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé níbẹ̀, ara yín ti mọ́ ọn. Àlejò AS tó bá gòkè wá láti ilẹ̀ gbígbóná ni kó rọra ṣe fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Mo fún àbúrò mi ní ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ṣé mo lè lọ jíìmù lálẹ́? — Bàbá Dámi, Kaduna

Ẹ sinmi lálẹ́ òní, bàbá. Nǹkan bíi 450 mílílítà ni wọ́n máa ń fà. Omi inú ẹ̀jẹ̀ á padà láàárín ọjọ́ kan sí méjì bí ẹ bá ń mu omi dáadáa, àmọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa á tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọ̀túnla, ẹ lè gbé irin fúyẹ́. Ọwọ́ tí wọ́n gún ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ọkùnrin máa ń dúró fún oṣù 3 kó tó tún fún ènìyàn ní ẹ̀jẹ̀, obìnrin oṣù 4.

PCV mi jẹ́ 56. Inú mi dùn, àmọ́ nọ́ọ̀sì ní kí n ṣọ́ra. Mo ń gún abẹ́rẹ́ testosterone tí wọ́n ń tà ní jíìmù wa. — Ẹ forúkọ bò mí láṣìírí, Lugbe

Nọ́ọ̀sì sọ òtítọ́. Testosterone máa ń ti PCV gòkè, bó bá sì ti kọjá 54, dókítà tó ń fi abẹ́rẹ́ náà tọ́jú ènìyàn gan-an máa ń dá a dúró. Ẹ̀jẹ̀ tó ki lè dì nínú ẹsẹ̀, kó lọ dí ẹ̀dọ̀fóró, tàbí kó fa àrùn rọpárọsẹ̀. Ẹ mu omi dáadáa, kí ẹ tún àyẹ̀wò ṣe lọ́túnla, torí òùngbẹ náà lè gbé e sókè. Ẹ má lọ máa fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kí nọ́ńbà lè wálẹ̀ nígbà tí abẹ́rẹ́ ṣì ń wọlé, ẹ má sì dá aspirin lò. Ẹ dáwọ́ abẹ́rẹ́ dúró, àmọ́ lábẹ́ ojú dókítà, torí testosterone tí ara yín ń ṣe fúnra rẹ̀ ti sùn, ó sì lè tó oṣù mélòó kan kó tó jí. Tí itan tàbí ọmọ-ẹsẹ̀ kan bá wú, tó ń dùn yín, tàbí tí èémí bá ṣàdédé há, ẹ má dúró de ọ̀la.