Ẹ Jẹ́ Kí Ọlọ́jà Sọ Ọ̀rọ̀ Ọjà: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé Wa

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò kéékèèké ni mí ní Abẹ́òkúta. Àwọn aláàdìrẹ ló pọ̀ jù nínú wa, àwọn aránṣọ, àwọn atẹ̀wé àti àwọn tó ń se oúnjẹ òde sì wà pẹ̀lú wa. Ọdọọdún la máa ń ṣe àpérò. A ó gba gbọ̀ngàn ńlá, a ó pe àwọn èèkàn ìlú wá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn gbogbo ìnáwó náà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ a máa sọ pé àwọn kò rí nǹkan kan mú lọ sílé. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa wá dá a lábàá pé kí a ṣe irú àpérò kan tí kò ní olùbánisọ̀rọ̀ pàtàkì, tí a kò sì ní tẹ ètò rẹ̀ sínú ìwé ṣáájú, pé àwọn tó bá wá ni yóò sọ ohun tí wọ́n fẹ́ jíròrò lé lórí. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní ìpàdé tí kò létò kò yàtọ̀ sí ariwo ọjà. Ǹjẹ́ irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́, báwo ni wọ́n sì ṣe ń ṣe é tí kì í fi í dàrú?

ÌDÁHÙN: Ó wà lóòótọ́. Nínú ìdáhùn yìí, àpérò àjọdarí ni n ó máa pè é, nítorí pé àwọn tó wá síbẹ̀ ni wọ́n jọ ń darí rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí orúkọ wọn mọ́ ọn jù ni Harrison Owen, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1983, ó ṣètò àpérò kan fún ènìyàn 250, odidi ọdún kan ló sì fi ṣe wàhálà rẹ̀. Nígbà tí àpérò náà parí, ohun tí gbogbo wọn, títí kan òun alára, gbà pé ó ṣe àwọn láǹfààní jù ni àkókò ìsinmi tí wọ́n fi ń mu kọfí, èyí tí òun kò ṣètò rárá. Ọ̀rọ̀ yìí gún un lọ́kàn. Ó wá rántí abúlé kan tó ń jẹ́ Balama ní orílẹ̀-èdè Làìbéríà, níbi tí ó ti ṣiṣẹ́ ayàwòrán ìròyìn nígbà kan rí. Níbẹ̀ ló ti rí i tí àwọn ará abúlé fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe ayẹyẹ tí wọ́n fi ń sọ àwọn ọmọkùnrin di àgbà, tí gbogbo rẹ̀ sì lọ geere láìsí ìgbìmọ̀ ètò kankan tí ènìyàn lè nàka sí. Ohun tó mú nínú rẹ̀ kò ju pé kí àwọn ènìyàn jókòó yípo, kí pátákó ìkéde kan wà, kí ibi ìpàdé sì rí bí ọjà abúlé. Ní ọdún 1985, ní ìlú Monterey ní California, ó dán an wò fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì sọ ọ́ ní Open Space.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka apá yìí sétí àwọn àgbà ẹgbẹ́ yín, nítorí pé àwọn gan-an ni ó bá wí. Ọjà tí wọ́n fi ń ṣe àpèjúwe ohun tí kò létò ni ọkùnrin yìí mú gẹ́gẹ́ bí àwòkọ́ṣe ètò. Ẹ wo ọjà Ìtòkú tó wà lẹ́bàá yín níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń pín ìwé ètò fún àwọn tó wá ra àdìrẹ láàárọ̀, kò sì sí alága tó ń sọ pé ó di àkókò ẹni báyìí. Síbẹ̀, oníbàárà mọ ibi tí òun yóò yà sí, ó mọ ìgbà tí òun yóò dúró nájà àti ìgbà tí òun yóò kọjá lọ, ọlọ́jà pàápàá sì mọ ẹni tó wá rà àti ẹni tó wá wòran. Ètò wà nínú ọjà. Àwọn tó ń ná an ni wọ́n gbé e dání wá láti ilé.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ mú gbólóhùn kan ṣoṣo tí yóò kó gbogbo ènìyàn jọ, irú bí "Báwo ni òwò wa yóò ṣe lè wọ ọdún tó ń bọ̀ láìwọ gbèsè?" Ẹ to àga yípo, kí ó má sí tábìlì ọlọ́lá. Ẹ lẹ ìwé fífẹ̀ mọ́ ògiri, kí ẹ sì fa ìlà sí i: àkókò ní ẹ̀gbẹ́ kan, ibi ìjókòó ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí ẹ bá jẹ́ ogójì, ibi ìjókòó mẹ́rin àti ìjókòó ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú 45, yóò fún yín láyè fún kókó ọ̀rọ̀ 12. Ẹni tí ohun kan ń jẹ lọ́kàn yóò bọ́ sí àárín, yóò kọ kókó náà sí ìwé, yóò ka á sókè pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀, yóò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyè tó wù ú. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ yóò sọ ọ́, akọ̀wé yóò sì bá a kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gan-an, láìtún un ṣe. Kì í ṣe ọ̀ranyàn kí ẹni tó mú ọ̀rọ̀ wá jẹ́ ọ̀mọ̀ràn nínú rẹ̀. Ìbéèrè lásán tó. Lẹ́yìn èyí ni oníkálukú yóò lọ síbi tí ọ̀rọ̀ ti kàn án. Nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan máa kọ ohun tí wọ́n fẹnu kò sí àti ẹni tó gbà láti ṣe é, nítorí pé ibi tí irú ìpàdé yìí ti sábà máa ń já sí asán ni pé ọ̀rọ̀ dídùn pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ ẹnì kankan lẹ́yìn rẹ̀. Kí gbogbo yín tún padà sí agbo ní ìparí, kí a sì ka àwọn ìwé náà sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn.

Ní ti ìnáwó, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2005, àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ní Palo Alto, ní California kan náà, ṣe irú ìpàdé yìí tí wọ́n sọ ní BarCamp. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi ṣètò rẹ̀, inú ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ kan ni wọ́n sì ti ṣe é. Ohun tí gbọ̀ngàn ńlá, ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti àlejò pàtàkì ń gbà lọ́wọ́ yín lọ́dọọdún lè gbọ́ bùkátà ìpàdé bíi mélòó kan tí ẹ bá lo kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo nǹkan ló yẹ irú ìpàdé yìí. Ẹ má ṣe lò ó láti yan olóyè ẹgbẹ́, ẹ má sì lò ó láti yẹ ìwé owó wò. Bí ó bá sì jẹ́ òfin owó orí ni ẹ fẹ́ kọ́, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí ẹ jókòó, kí ó kọ́ yín.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú làákàyè o. Aránṣọ ni mí ní Ìlọrin, n kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Mo lọ sí irú ìpàdé tí kò ní olùbánisọ̀rọ̀ yìí lọ́dún tó kọjá. Wọ́n sọ fún wa pé ẹni tí ọ̀rọ̀ kò bá kàn mọ́ kí ó dìde lọ sí agbo mìíràn. Ìyá àgbà kan ló ń sọ̀rọ̀ ní agbo tí mo wà. N kò lè dìde. Mo jókòó síbẹ̀ títí ó fi tán, mo sì pàdánù agbo tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ owó tí mo tìtorí rẹ̀ wá. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀rù àṣírí iṣẹ́ ń bà mí. Báwo ni n ó ṣe máa tú iṣẹ́ mi sílẹ̀ níwájú ẹni tí a jọ ń wá oníbàárà kan náà?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ẹ̀kọ́ ilé tí o ní kì í ṣe àléébù, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òfin tí wọ́n kà fún yín ni Owen pè ní òfin ẹsẹ̀ méjì: bí o kò bá rí nǹkan kọ́ níbi kan, tí o kò sì ní nǹkan fi kún un, kí o gbé ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì, kí o lọ síbi tí o ti lè ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì. Ó rọrùn níbi tí a ti ṣe òfin náà. Ní ilẹ̀ wa, ọmọ tó bá fi àgbà sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ti rí àgbà fín, kò sì sí ìwé lára ògiri tó lè pa ìyẹn rẹ́. Èrò mi ni pé òfin náà dára, ṣùgbọ́n àgbà nìkan ló lè fi í lélẹ̀ láàárín wa. Àwọn tó ṣètò ìpàdé yín ló ṣe àṣìṣe tí wọ́n fi fi ẹnu ọ̀dọ́ kà á.

Mo bá wọn ṣe ọ̀kan rí ní Ìbàdàn, nínú kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí òjò ń lu páànù orí rẹ̀. Ìyá tó dàgbà jù láàárín wa, aláró ni, ni a bẹ̀ pé kí ó sọ òfin náà. Ó dìde, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá ń nájà, ṣé ẹ máa ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò ra ọjà rẹ̀? Ẹ máa lọ, ẹ máa bọ̀. Ẹni tó bá dìde lọ́dọ̀ mi lónìí kò rí mi fín." Kò tíì ju ogún ìṣẹ́jú lọ tí ìjókòó àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ fi di ìró rẹ̀ mú, tó kúrò ní agbo àwọn aláró, tó sì lọ jókòó ti àwọn ọ̀dọ́ tó ń sọ̀rọ̀ nípa ayédèrú àlàátì báńkì, nítorí pé wọ́n ti fi irú rẹ̀ gbá a lójú rí. Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn ya. Àwọn ọmọdé kò ṣàì kúnlẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó kúrò, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọdé.

Ní ti àṣírí, o kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè rẹ̀. Ohun tí a ń gbé lọ síbẹ̀ ni ìṣòro, kì í ṣe oògùn tí o fi ń ṣiṣẹ́. Ní Ìbàdàn yẹn kan náà, aránṣọ kan kọ "Aṣọ tí oníbàárà kò wá gbà" sára ìwé rẹ̀, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ènìyàn mọ́kànlá ló tẹ̀ lé e. Ọkùnrin kan nínú wọn fa ìwé rìsíìtì rẹ̀ yọ láti inú báàgì, etí rẹ̀ ti ká, ẹ̀kọ tí wọ́n fi lẹ aṣọ ti ta sí i lára, ó sì fi ìlà kan tí ó ní kí wọ́n tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ hàn wá: "A kò ní ki àlùmọ́gàjí bọ aṣọ kí ìdajì owó tó wọlé." Ó ní láti ọjọ́ tí ìlà yẹn ti wà níbẹ̀ ni aṣọ ti dẹ́kun gíga bí òkè ní ṣọ́ọ̀bù òun. Atẹ̀wé obìnrin kan tó wà ní agbo náà dáhùn pé bí gbogbo wọn bá fẹ́ irú rẹ̀, òun lè tẹ̀ ẹ́ pọ̀ fún wọn, owó rẹ̀ yóò sì wálẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti rí iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ mẹ́jọ nínú wọn. Kò sí ẹni tó tú àṣírí kankan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó pín káàdì.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan sì wà tí ẹnì kan kò lè dá gbé. Aṣọ tí ilé iṣẹ́ ńlá tẹ̀ ní àwòrán àdìrẹ, tí wọ́n ń tà ní owó pọ́ọ́kú, ń ba ọjà gbogbo aláàdìrẹ jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Abẹ́òkúta ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí Aláké fòfin de sódà kọ́sítíìkì àti aró òyìnbó nítorí ẹ̀sùn pé wọ́n ń ba aṣọ jẹ́, àwọn aláró tó ń bára wọn díje ni wọ́n kóra jọ láti sọ tẹnu wọn. Bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dé, ẹni tí o ti bá jókòó rí ni ó máa rọrùn fún ọ láti pè.

ÌBÉÈRÈ: Ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni mo ti ń ta oúnjẹ wa. Àwọn kan ní kí n wọ ẹgbẹ́ oníṣòwò tó ń pàdé ní kùtùkùtù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí a ó máa san owó ọdọọdún, tí a ó sì máa fi oníbàárà ránṣẹ́ síra wa. Ṣé ohun kan náà ni pẹ̀lú ohun tí ẹ ń wí?

ÌDÁHÙN: Rárá, ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé kò dára. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ètò tó le, ó sì wọ́pọ̀ kí wọ́n má gba ju ẹnì kan lọ láti inú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí ẹ wá bí àlejò lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Nígbà tí ẹ bá débẹ̀, ẹ wò ó bóyá àwọn tó wà níbẹ̀ ń ṣe òde, ìsọmọlórúkọ tàbí ìpàdé ilé iṣẹ́, nítorí pé àwọn ni yóò ra ìrẹsì àti mọ́ín-mọ́ín yín ní kúlà ńlá. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tó ń ta ìbánigbófò àti ẹni tó ń kun ilé nìkan ló pọ̀ níbẹ̀, tí kò sí èyí tó ní àlejò láti bọ́ nínú wọn, owó yín yóò wọlé fún wọn ju bí tiwọn yóò ti wọlé fún yín lọ.

Níbikíbi tí ẹ bá ti pàdé oníṣòwò, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè irú oníbàárà tí òun ń wá, kí ẹ tó sọ tiyín. Ẹ kọ ohun tí ẹ jọ sọ sílẹ̀ kí ẹ tó sùn, kí ẹ sì pè é kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé. Bí ẹ bá sì ṣèlérí pé ẹ ó gbé oúnjẹ wá kí wọ́n tọ́ ọ wò, ẹ gbé e dé ní aago tí ẹ dá, kí ó sì gbóná.