Ìbéèrè Yín: Ìbànújẹ́ Ló Ń Tì Mí Dé Ìdí Oúnjẹ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì. Bí inú mi bá bàjẹ́ lálẹ́, búrẹ́dì àti mínírà ni mo fi ń tu ara mi nínú. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà, Màmá. Ẹ kọ́kọ́ yẹ ṣúgà ara yín wò. Bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, tí òógùn tútù ń bò yín, ó lè ti lọ sílẹ̀ jù, pàápàá bí ẹ bá ń lo abẹ́rẹ́ ínsúlínì tàbí oògùn oníhóró glibenclamide, tí wọ́n ń fi mú ṣúgà wálẹ̀. Bí ẹ̀rọ tí ẹ fi yẹ ṣúgà wò bá fi hàn pé kò tó 70 mg/dL, ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì 3 sí 4 mọ́ omi, ẹ mu ún, kí ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15.

Bí kò bá lọ sílẹ̀, ọkàn ló ń ké. Ebi gidi ń wá díẹ̀díẹ̀, oúnjẹ yòówù sì ń pa á. Ti ìbànújẹ́ ń dé lójijì, búrẹ́dì yẹn gan-an ló ń béèrè. Ẹ mu omi ife kan, ẹ rìn yí àgbàlá ká fún ìṣẹ́jú 10, ẹ pe ẹni tó lè gbọ́ yín. Bí ó bá ṣì kù, ikàn 2 tàbí ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan tó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo oúnjẹ ọ̀sán. Ebi ọ̀sán ló ń di àjẹjù alẹ́. Bí ẹ bá ti ṣì í jẹ, ẹ má sọ oògùn di ìlọ́po méjì. Bí ìbànújẹ́ bá kọjá ọ̀sẹ̀ 2, ẹ sọ fún dókítà yín.