Ìgbà wo ló dára jù láti bá afinimọ̀nà lọ wo ẹyẹ ní Extremadura, ní Spain?

Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ lè lọ, ẹ lọ láàárín ìparí oṣù kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún. Òdòdó ti gba gbogbo pápá nígbà náà, akọ great bustard sì ń ṣe fáàrí fún abo. Ẹyẹ yìí lè wúwo ju kílò 10 lọ. Á yí ìyẹ́ rẹ̀ sódì títí ara rẹ̀ á fi funfun báláú, tí ẹ ó fi rò pé òkìtì òwú ló ń rìn nínú koríko. Òkèèrè la ti ń fi awò wò ó, torí ó tètè máa ń bẹ̀rù. Iṣẹ́ afinimọ̀nà gan-an nìyẹn: ó mọ ibi tí wọ́n ń jẹ̀, ó sì mọ ilẹ̀ onílẹ̀ tí àlejò kò gbọdọ̀ tẹ̀.

Extremadura fẹ̀ ju 41,000 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn ará ibẹ̀ kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù kan. Àyè gba ẹyẹ dáadáa. Ní Monfragüe, igbó tí ìjọba Spain sọ di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 2007, ẹ dúró láàárọ̀ ní Salto del Gitano, ibi ìwòran tó kọjú sí àpáta gíga kan. Igún á máa fò kọjá lórí odò Tagus, nígbà mìíràn nísàlẹ̀ ibi tí ẹ dúró sí. Ní ìlú Trujillo, àṣá kéékèèké tí wọ́n ń pè ní lesser kestrel ń pamọ lórí òrùlé pápá ìjà màlúù. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń wá lo ìgbà òtútù ní Senegal, ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà tiwa níbí.

Oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ni ti agùfọn, tó ń wá jẹ èso igi oak. Ẹ má lọ ní oṣù keje tàbí ìkẹjọ. Ooru lè kọjá 40°C.