Èmi ni mo pè wọ́n padà sínú eré náà. Ṣé mo lè fi wọ́n sílẹ̀?

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe eré akọni kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí èèyàn ti máa ń yan ẹ̀dá kan tí yóò jẹ́, tí yóò sì bá àwọn ẹlòmíràn jagun nínú ayé àwọn oṣó àti dírágónì. Mọ́kànlá ni wá nínú ẹgbẹ́ wa, èmi ni oníwòsàn tó ń wo àwọn yòókù sàn lójú ìjà, ẹnì kan tí gbogbo wa ń pè ní Balógun ló sì ń darí wa. Nígbà tí àwọn tó ni eré náà tì í pa, oníkálukú bá tirẹ̀ lọ. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n kéde pé àwọn ti tún un kọ́, àwọn yóò sì gbé e jáde padà. Mo wá àwọn ará ẹgbẹ́ kiri, mo rí márùn-ún nínú wọn, Balógun sì wà lára wọn. Mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà, mo sì ń san owó oṣooṣù fún méjì tí ọwọ́ wọn kò tẹ̀ ẹ́. Ó ti di oṣù mẹ́jọ báyìí, eré náà kò sì dùn mọ́ mi mọ́. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń kó àwọn àjèjì jọ fún ìjà, ìjà á parí, wọ́n á pòórá, ẹnikẹ́ni kò ní kí ẹnikẹ́ni. Mo ń bi ara mi bóyá ọjọ́ orí ló dé. Ìyàwó mi kì í bá mi jà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí ojú mi máa ń fà ro bí mo bá kúrò nídìí ohun tí mo pè ní ìgbádùn. Nígbà tí mo sọ fún Balógun pé mo fẹ́ dúró díẹ̀, ohun kan ṣoṣo tó sọ ni pé, “Ìwọ lo pè wá.” Kí ni kí n ṣe?

Èmi ni,
Oníwòsàn tó ti rẹ̀.

Àbúrò mi,

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èsì, nítorí pé èmi náà ti jẹ́ oníwòsàn rí nínú irú eré bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́rin gbáko, ohun tí n kò sì tíì sọ fún àwọn òǹkàwé mi rí nìyẹn. O kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé eré lásán ni. Ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ pé oníwòsàn kì í wo dírágónì. Àwọn yòókù ló ń wo dírágónì; ìlà ẹ̀jẹ̀ tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú kọ̀ǹpútà, èyí tó ń fi bí ẹ̀mí oníkálukú ṣe kù sí nínú ìjà hàn, ni àwa ń wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni ín, bí ọ̀kan bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, a ó ti mọ ẹni tó ń fi ìwàǹwára sáré síwájú, ẹni tí oorun ń kùn, àti ẹni tó ti inú ìbínú wá sídìí eré lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tó bá fi ọdún mẹ́fà wo ìlà ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn kan náà ti mọ ohun kan nípa wọn tí àwọn tó ń bá wọn jókòó níbi iṣẹ́ kò mọ̀. Ojúlówó ni ìfẹ́ tó mú ọ wá wọn kiri, n kò sì fẹ́ kí ohunkóhun tí mo bá sọ mú ọ kà á sí àṣìṣe.

Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni irú ìpadàbọ̀ tí eré rẹ padà bọ̀, nítorí pé ọ̀nà kan ṣoṣo kọ́ ni wọ́n ń gbà jí eré tó ti kú. Nígbà mìíràn, àdàkọ àtijọ́ ni wọ́n máa ń gbé jáde bó ṣe wà. Bí ti RuneScape ṣe rí nìyẹn ní oṣù kejì ọdún 2013: àwọn tó ni ín ní àdàkọ kan nípamọ́ láti oṣù kẹjọ ọdún 2007, wọ́n ní kí àwọn olólùfẹ́ eré náà dìbò bóyá wọ́n fẹ́ ẹ padà, wọ́n sì tú u sílẹ̀ fún wọn pẹ̀lú orúkọ Old School RuneScape. Ìgbà mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ṣe ni wọ́n máa ń wó ilé náà palẹ̀. Nígbà tí Final Fantasy XIV jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2010, àbùkù rẹ̀ pọ̀ débi pé ilé iṣẹ́ tó ṣe é tọrọ àforíjì ní gbangba. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, wọ́n fi Naoki Yoshida ṣe olórí iṣẹ́ náà, òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ sì ń tún èyí tó wà nílẹ̀ ṣe bí wọ́n ṣe ń kọ́ tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 2012, wọ́n ti ilẹ̀kùn ti àtijọ́: òṣùpá pupa kan já láti ojú ọ̀run eré náà, dírágónì ńlá kan là á bọ́ jáde, ó sì fi iná jó ayé tí àwọn èèyàn ti ń gbé fún ọdún méjì. Ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 2013 ni tuntun jáde, A Realm Reborn ni orúkọ rẹ̀, èrò sì pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ èèyàn kò ráyè wọlé ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó dùn mọ́ mi pé wọn kò gbàgbé àwọn tó fara da ti àtijọ́. Wọ́n fi orúkọ wọn sí ìparí eré tuntun náà.

Irú kejì yìí ni tìrẹ, bí lẹ́tà rẹ ṣe yé mi sí. Orí ilẹ̀ àtijọ́ lo padà sí, orúkọ àwọn ìlú àti àwọn òkè kò yí padà, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló ya àwòrán ilé tó wà níbẹ̀ báyìí. Omi tuntun ti rú, ẹja tuntun sì ti wọ inú rẹ̀. Ilé náà lè dára, kí àwọn tí kò mọ ti àtijọ́ sì máa gbádùn rẹ̀ tọkàntọkàn. Kò ṣẹ̀ ọ́, ìwọ náà kò sì ṣẹ̀ ẹ́.

O lè máa rò pé ká ní àdàkọ àtijọ́ gan-an ni wọ́n gbé jáde, gbogbo nǹkan ì bá bọ́ sípò. N kò rò bẹ́ẹ̀. World of Warcraft jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2004, ní oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni wọ́n sì gbé ti àtijọ́ jáde padà fún àwọn tí ọkàn wọn ń fà sí i. Ọ̀gá àǹjọ̀nú iná kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ragnaros, ogójì èèyàn ló ń para pọ̀ bá a jà, nígbà àkọ́kọ́ ọ̀pọ̀ oṣù ló sì kọjá kí ẹnikẹ́ni tó ṣẹ́gun rẹ̀. Lọ́dún 2019, kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn tí àwọn kan fi pa á. Àwọn tó ń bá a jà ló ti mọ gbogbo ìṣísẹ̀ rẹ̀, nítorí pé ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún ara wọn. Àìmọ̀ tó mú kí ẹ máa rìn nínú òkùnkùn pọ̀, tí ẹ fi di ara yín lọ́wọ́ mú nítorí pé ẹnikẹ́ni nínú yín kò mọ ohun tó wà níwájú, kò sí ilé iṣẹ́ tó lè tọ́jú rẹ̀ pamọ́ sínú àdàkọ kankan.

Síbẹ̀, níbi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó ń kó àjèjì jọ, mo gbà pẹ̀lú rẹ pátápátá, ọjọ́ orí rẹ kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ní wákàtí kan láti fi dúró ní gbàgede ìlú kí ó máa ké pé, “A ń wá oníwòsàn kan!” Nígbà tí irú ẹ̀rọ yìí wọ inú World of Warcraft ní oṣù kejìlá ọdún 2009, ọ̀pọ̀ èèyàn ló yọ̀ mọ́ ọn, èyí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2019 kò ní in, inú ọ̀pọ̀ èèyàn sì tún dùn sí àìsí rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ní ẹ̀tọ́ sí ìdùnnú wọn. Ṣùgbọ́n ronú padà sí ẹnu ihò tí ẹ ti máa ń wọlé lọ jà nínú eré àtijọ́, sí ogún ìṣẹ́jú tí ẹ máa ń fi dúró de ẹni tó kù, tí Balógun ń sọ ìtàn tí ẹ ti gbọ́ tẹ́lẹ̀, tí ẹnì kan sì ń jó lórí òkúta nítorí pé kò rí nǹkan mìíràn ṣe. Ibẹ̀ ni ẹ ti di ẹgbẹ́. Ìjà fúnra rẹ̀ kì í fún èèyàn láyè ọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n mú ìdúró kúrò ni wọ́n mú ibi tí ọ̀rẹ́ ti ń hù kúrò, ohun tó sì ń dùn ọ́ nìyẹn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Balógun, èyí tí mo gbà pé òun gan-an ló mú ọ kọ̀wé. O ti gbọ́ ọ láìmọye ìgbà pé ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. N kò fẹ́ fi òwe náà pa ọ́ lẹ́nu mọ́, nítorí pé ìtúká àwọn ọmọdé ló ń sọ. Kò sọ ohun tí ẹni tó padà lọ kan ilẹ̀kùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan jẹ wọ́n. O jẹ wọ́n ní gbèsè lóòótọ́. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo alẹ́ rẹ lo jẹ wọ́n. Òtítọ́ lo jẹ wọ́n, kí wọ́n sì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, ní àsìkò, kì í ṣe nígbà tí ara bá ti kọ̀ ọ́ tí o bá ń sá fún wọn. O pè wọ́n sídìí ayọ̀ kan tí o gbà gbọ́ pé ó wà níbẹ̀, o kò sì tàn wọ́n. Bí ayọ̀ náà kò bá sí níbẹ̀ mọ́, ìwọ tí o pè wọ́n ni ó yẹ kí o lè sọ bẹ́ẹ̀. Ó sì ṣeé ṣe kí ẹnì kan tàbí méjì nínú wọn máa jókòó níbẹ̀ nítorí tìrẹ, bí ìwọ náà ṣe ń jókòó nítorí tiwọn.

Nínú ohun tí Balógun sọ, ìbẹ̀rù ni mo gbọ́ ju ìbínú lọ. Nígbà tí wọ́n ti eré àtijọ́ pa, ìwọ pàdánù ọ̀rẹ́ mẹ́wàá. Òun pàdánù ọ̀rẹ́ mẹ́wàá pẹ̀lú iṣẹ́ kan tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ìwọ lo dá iṣẹ́ náà padà fún un. Fi èyí sọ́kàn bí o bá ń bá a sọ̀rọ̀.

Mo ní ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ sísọ. Nígbà tèmi, mo dákẹ́. Ó rẹ̀ mí, mo kàn ṣíwọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan, mo sì sọ fún ara mi pé wọn yóò rí oníwòsàn mìíràn. Àdírẹ́sì ìmeèlì tí mo fi forúkọ sílẹ̀ fún eré náà, n kò lò ó fún nǹkan mìíràn, n kò sì ṣí i fún ọdún mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí mo ṣí i, mo bá lẹ́tà mẹ́tàdínlógún láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹgbẹ́ wa. Àwọn àkọ́kọ́ ń béèrè bóyá ara mi yá. Àwọn tó tẹ̀ lé e ń sọ bí ìjà ṣe ń lọ. Èyí tó kẹ́yìn kò ju ìlà méjì lọ: “A pa dírágónì náà lónìí. A fi àyè rẹ sílẹ̀.” Mo kọ èsì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Títí di òní, n kò mọ ibi tó wà.

Nítorí náà, pe Balógun. Pè é lórí fóònù, níta eré náà, kí o sì bá a sọ̀rọ̀ ṣáájú kí o tó bá àwọn yòókù sọ ọ́. Má ṣe fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí i ní kíkọ, má sì sọ pé o fẹ́ “dúró díẹ̀” mọ́ bí o bá mọ̀ nínú ara rẹ pé kì í ṣe díẹ̀. Ní ti àwọn méjì tí o ń san owó fún, bá ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, sọ oṣù tí yóò jẹ́ ìkẹyìn, kí o sì san án dé ibẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn mọ̀ nípa pé ilẹ̀kùn kọ̀ láti ṣí fún un. Má pa ẹ̀dá rẹ rẹ́, bó ti wù kí inú bí ọ tó. Bí ẹ bá sì fẹ́ràn ohùn ara yín tó bẹ́ẹ̀, ẹ dá alẹ́ kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù tí ẹ ó máa pàdé láìsí dírágónì kankan láàárín yín. Mo rò pé yóò yà yín lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ yóò ṣe pọ̀ tó.

Ìyàwó rẹ sì ń dúró de èsì. Ìbéèrè tó bi ọ́ dára, ìfẹ́ ló sì wà nídìí rẹ̀. Bí o kò bá mọ ibi tí o ti máa bẹ̀rẹ̀, fún un ní lẹ́tà tí o kọ sí mi kí ó kà á.

Bí ọ̀rọ̀ bá há ọ lọ́fun nígbà tí Balógun bá gbé fóònù, o lè bẹ̀rẹ̀ báyìí: “Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ, èmi ni mo pè yín. Ẹ̀yin ni mo ń wá nígbà yẹn, eré náà ni mo rò pé mo ń wá. Mi ò lè ṣe eré yìí mọ́, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí á tún pàdánù ara wa.” Lẹ́yìn náà, dákẹ́, kí o jẹ́ kí ó sọ tirẹ̀ dé òpin. Ṣe é kí owó oṣù tó ń bọ̀ tó bọ́ sílẹ̀, lọ́sàn-án ọjọ́ tí ẹ kò ní ìjà kankan lálẹ́.