Ẹ Bi Wá, Ká Dá Yín Lóhùn: Oúnjẹ Àjẹkù, Epo Tó Gbiná, Ìrìnàjò Alẹ́ àti Tóyì Ọmọdé

Ìbéèrè pọ̀ lọ́tẹ̀ yìí o, ọdún ti kù sí dẹ̀dẹ̀, kálukú ti ń palẹ̀ ìsinmi mọ́. Mẹ́rin ni mo mú jáde. Ti oúnjẹ ló gùn jù torí òun làwọn èèyàn ń bèèrè jù.

*Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀dọ̀ wa ni gbogbo ẹbí máa ń wá lọ́dún, a máa ń se oúnjẹ rẹpẹtẹ, ó sì máa ń ṣẹ́kù. Ìyá ọkọ mi ní ká fi sílẹ̀ lórí sítóòfù di àárọ̀, ká wá gbé e kaná, pé iná á pa ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀. Ọkọ mi ní ohun gbígbóná ò gbọdọ̀ wọ fíríìjì, á bà á jẹ́. Ta ni kí n tẹ̀ lé? Mi ò fẹ́ ìjà lọ́dún. – Ìyàwó Tó Wà Láàárín*

Ẹ kú ìfaradà, ìyàwó wa. Ti ìyá ọkọ yín ni màá kọ́kọ́ mú torí òun ló léwu jù, ẹ fọgbọ́n sọ ọ́ fún wọn o, ẹ má lọ ní èmi ni mo sọ pé wọn ò mọ̀ ọ́n. Bakitéríà tó ń ba oúnjẹ jẹ́, ìgbà tí oúnjẹ bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló máa ń bí sí i, láàárín 5 sí 60 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì, ìyẹn ni pé inú ilé tá a jókòó sí yìí gan-an tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ìdí nìyẹn táwọn onímọ̀ oúnjẹ fi ní oúnjẹ sísè ò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 2 níta, tí ooru bá mú ju 32 lọ, wákàtí 1 péré. Kí ẹ wá wo òru mọ́jú.

Ìrẹsì ló tiẹ̀ burú jù. Bakitéríà kan wà tó ń jẹ́ Bacillus cereus, inú ìrẹsì tútù ló ti máa ń sápamọ́ látilẹ̀, irúgbìn rẹ̀ le débi pé sísè kì í pa á tán. Tí ìrẹsì bá pẹ́ níta, irúgbìn yẹn á jí, á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, á sì tu májèlé sínú oúnjẹ, májèlé ọ̀hún ni iná ò ràn. Ẹ gbé e kaná títí dalẹ́, bakitéríà lè kú o, májèlé ṣì wà níbẹ̀, kó tó wákàtí 6 téèyàn jẹ ẹ́ èébì ti lè dé. Ó sì lè má rùn, ó lè má yí àwọ̀, torí náà ẹ má fi imú dá a mọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọkọ yín ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Odindi ìkòkò gbígbóná tẹ́ ẹ bá kàn gbé sọ inú fíríìjì, á jẹ́ kí inú rẹ̀ móoru, ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ á sì fara gbá nínú ẹ̀. Àmọ́ ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ níta o, pípín ni kẹ́ ẹ pín in. Ẹ ti rí i rí: ẹ fọwọ́ kan ara ìkòkò ńlá, ó ti tutù, ẹ wá ki ìpọnbẹ̀ bọ àárín rẹ̀, èéfín sọ lálá. Àárín yẹn ni wàhálà wà. Ẹ bù ú sínú abọ́ pẹlẹbẹ, kó má jìn ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, tó bá jẹ́ ọbẹ̀, ẹ gbé ìkòkò rẹ̀ sínú báṣíà omi tútù kẹ́ ẹ máa rò ó, tí yìnyín bá wà ẹ da yìnyín sí i. Tí èéfín bá ti lọ, ó di inú fíríìjì, kó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ ò burú. Fíríìjì fúnra rẹ̀ kó wà ní 4 tàbí kó tutù jù bẹ́ẹ̀, ẹ má sì dì í débi tí afẹ́fẹ́ ò ní ráyè kọjá.

Ọjọ́ 3 sí 4 lẹ fi máa jẹ ẹ́ tán, èyí tó bá máa ju bẹ́ẹ̀ lọ ẹ tètè gbé e sí fírísà. Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ jẹ nìkan ni kẹ́ ẹ máa bù kaná, kó gbóná dé àárín, ọbẹ̀ kó hó. Tí iná bá lọ, ẹ fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní títì: fíríìjì tẹ́nikẹ́ni ò ṣí á mú òtútù dúró fún bíi wákàtí 4, fírísà tó kún dẹ́nu á tó 48, èyí tó kún dé ìdajì á tó 24. Àwọn tó ń ṣí i wò ní gbogbo ìgbà pé ṣé ó ṣì tutù, àwọn gan-an ló ń lé òtútù lọ.

*Àǹtí, epo gbiná mọ́ wa lọ́wọ́ lórí sítóòfù lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi ti sáré bu omi, ìyá wa ló pariwo mọ́ ọn. Kí ló yẹ ká ṣe? – Ọmọ Ilé Ìdáná*

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá. Ẹ pa sítóòfù tí ọwọ́ yín bá dé e láìgba orí iná kọjá, ẹ ti ìdérí látẹ̀gbẹ́ bò ó, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí tó máa fi tutù pátápátá, ẹ má gbé e sáré jáde. Omi wúwo ju epo lọ, abẹ́ epo ló máa rì sí, ibẹ̀ ló ti máa di oru lójijì, oru yẹn sì máa ń gba àyè tó bí ìlọ́po 1,700 ti omi, òun ló ń fọ́n epo tó ń jó ká gbogbo kíṣìnì. Tí apá yín ò bá ká a, ẹ kó ara yín jáde, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ pe panápaná.

*Àǹtí, alẹ́ ni mo fẹ́ ká gbéra lọ sílé ọdún, káwọn ọmọ lè sùn lọ́nà, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì dín kù. Màá ti lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn o. Ìyàwó mi ò gbà, bẹ́ẹ̀ òun náà ti gbé e sórí WhatsApp status pé à ń lọ, tọjọ́ tọjọ́. – Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta*

Ìyàwó yín jàre nínú ọ̀kan, wọ́n jẹ̀bi nínú èkejì. Wọ́n ti dán an wò, ẹni tó bá ti wà lójúfò fún bíi wákàtí 17, bó ṣe máa ń lọ́ra nídìí ọkọ̀ ò yàtọ̀ sí tẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún, iye tí òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ò gbà kí awakọ̀ kọjá nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá jí ní aago 6 àárọ̀, aago 11 alẹ́ lẹ pé wákàtí 17. Ẹ sùn, kẹ́ ẹ gbéra ní ìdájí. Ká ní oorun ṣì wá mú yín lọ́nà, fèrèsé ṣíṣí àti rédíò tó ń pariwo ò ṣe nǹkan kan, ẹ wá ibi tó láàbò páàkì sí, ẹ mu kọfí, kẹ́ ẹ sì sùn fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 lójú ẹsẹ̀, ìgbà tẹ́ ẹ bá máa fi jí kọfí náà á ti wọra.

Ti status, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ ọ́. Mi ò sọ pé ọ̀rẹ́ ló máa wá jí yín lẹ́rù, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó wà lórí fóònù wa ti ju ọ̀rẹ́ lọ: ẹni tó wá tún tẹlifíṣọ̀n ṣe lọ́jọ́sí, ẹni tẹ́ ẹ ra bàtà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wọn ló ń wò ó. Tẹ́ ẹ bá ti padà délé, kí wọ́n gbé igba fọ́tò síta, kò sẹ́ni tó máa bínú. Ẹ sì pa gáàsì látibi sílíńdà kẹ́ ẹ tó jáde.

*Àǹtí, wọ́n fún ọmọ mi, ọdún méjì, ní tóyì tó ń kọrin. Mo bá a tó ń fi eyín họ ìdí rẹ̀, ṣé kí n gbà á ni? – Ìyá Kékeré*

Ẹ gbà á báyìí, kó tiẹ̀ sunkún. Ẹ wo ibi tí bátìrì wà, ṣé wọ́n fi sukúrúù dè é àbí èékánná lásán lè ṣí i? Bátìrì róbótó pẹlẹbẹ tó rí bí owó ẹyọ ni mò ń bẹ̀rù. Tọ́mọ bá gbé e mì tó há sí i lọ́fun, iná rẹ̀ àti itọ́ ọmọ á jọ di kẹ́míkà tó ń jó ẹran ara, láàárín wákàtí 2 ó lè ti dá ọgbẹ́ tó jìn síbẹ̀. Ó lè dà bí ikọ́ lásán, tàbí kó máa da itọ́, tàbí kó kọ oúnjẹ. Ẹ má dúró wo àmì, tẹ́ ẹ bá ti fura, ọsibítù ni, kí wọ́n ya X-ray fún un. Ẹ má mú kó bì, ẹ má sì fún un lóúnjẹ. Ọmọ tó ti lé lọ́dún kan, tí kò tíì pé wákàtí 12 tó gbé e mì, ẹ lè máa fún un ní oyin ṣíbí kékeré 2 ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá bẹ́ ẹ ṣe ń lọ lọ́nà, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹfà lọ, oyin máa ń dín jíjó yẹn kù, àmọ́ tí kò bá sí nílé ẹ má yà ra oyin o.

Bátìrì tó ti kú náà ṣì léwu, iná díẹ̀ tó kù nínú ẹ̀ tó jó ọ̀fun. Ẹ fi sẹlotéèpù lẹ ojú rẹ̀ méjèèjì, kẹ́ ẹ gbé e síbi tí ọmọ ò lè dé. Kí ẹ tún wo káàdì ọdún tó ń kọrin àti rìmóòtù iná ọ̀ṣọ́, irú bátìrì yẹn ni wọ́n sábà máa ń kì sínú wọn.