Mo ya pláànù, wọ́n sanwó: ta ló ni ín báyìí?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, òkun o. Kábà ni mò ń gbé, pláànù ilé ni mò ń yà. Dẹfẹ́lọ́pà kan ní kí n ya ilé oníyàrá mẹ́ta fún ẹ́sítéètì wọn níbí, mo yà á, wọ́n sanwó mi pé. Àfi bí mo ṣe lọ ìsìnkú ní Ìsánlú tí mo rí ilé mẹ́fà tò jọ, ó ku kí wọ́n kan òrùlé, pláànù mi ni, kódà fèrèsé kékeré tí mo fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kíṣìnì kí èéfín lè ráyè jáde wà níbẹ̀. Mo pè wọ́n, wọ́n ní àwọn ti rà á. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, òkun o. Fèrèsé yẹn ló mú mi lọ́kàn jù, torí ẹni tó ti dáná rí nínú kíṣìnì tí èéfín kún ló lè ronú kàn án, ìrònú rẹ ni wọ́n gbé lọ, kì í ṣe bébà lásán.

Rárá o, kì í ṣe òótọ́. Owó iṣẹ́ ni wọ́n san, àti owó àyè láti kọ́ ilé ti Kábà. Òfin kọ́píráìtì wa ní Nàìjíríà ti 2022, ìyẹn òfin tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́ ọnà, ka pláànù ilé mọ́ iṣẹ́ ọnà, ilé tí wọ́n fi kọ́ gan-an náà sì wà lábẹ́ ẹ̀, ẹni tó yà á ló ni ín, láyé ẹ àti 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹ, bí ẹni tí kì í ṣe ọ̀gá ẹ bá tiẹ̀ gbéṣẹ́ náà fún un, àyàfi tí ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti di tẹni tó sanwó. Kíkọ sílẹ̀ o! Rìsíìtì nìkan ò tó. Tí ilé Kábà bá bàjẹ́, wọ́n lè tún un ṣe bó ṣe wà láì bi ọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n gbé e kọ́ sí Ìsánlú, àṣẹ rẹ ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbà.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni àgírímẹ́ǹtì tó o fọwọ́ sí. Wá a jáde lónìí, wo ìsàlẹ̀ níbi tí lẹ́tà ti máa ń kéré, tí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbogbo pláànù di ti kọ́ńpìnnì, o ti tà á nìyẹn, mi ò ní tàn ẹ́ jẹ. Tí kò bá sí, padà sí Ìsánlú kí wọ́n tó rẹ́ ògiri, ya fọ́tò fèrèsé yẹn, tọ́jú fáìlì tó o fi ránṣẹ́ sí wọn pẹ̀lú déètì ẹ̀, kí lọ́yà bá ọ kọ lẹ́tà. Owó pláànù ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni kó o bèèrè, má gbà kí wọ́n fi owó epo mọ́tò bẹ̀ ọ́.