Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Kánádà, olùdarí fíìmù ni mí: ṣé ẹgbẹ́ ni mo máa kọ́kọ́ wọ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mo ti ń darí fíìmù Yorùbá kí èmi àti ìdílé mi tó kó wá sí Brampton lọ́dún tó kọjá. PR, ìyẹn ìwé àṣẹ láti máa gbé ibí títí lọ, la bá wọlé. Iṣẹ́ òru ni mo ń ṣe báyìí ní ilé ìkẹ́rù kan. Ẹnì kan ní kí n lọ sanwó ìwọlé ní Directors Guild of Canada (DGC), ẹgbẹ́ àwọn olùdarí fíìmù, pé láìṣe bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó máa pè mí síṣẹ́. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé èèyàn tiẹ̀ lè máa dá fíìmù tirẹ̀ ṣe níbí, kó sì rí i jẹ?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ òru. Ìṣirò owó fíìmù ni iṣẹ́ mi ní Toronto, nítorí náà ibi tí owó ti ń wọlé ni màá ti bá ọ sọ̀rọ̀.

Má tíì san owó yẹn. Ẹgbẹ́ gidi ni DGC, láti 1962 ló ti wà, ó sì ń jà kí wọ́n má rẹ́ olùdarí jẹ. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kọ́ ló ń wáṣẹ́ fún èèyàn. Iṣẹ́ tí wọ́n rí lọ́wọ́ rẹ níbí ni wọ́n fi ń pè ọ́. Tó o bá sì ti wọlé tán, o ò lè máa ṣe fíìmù tí kò sí lábẹ́ àdéhùn wọn bó ṣe wù ọ́, bẹ́ẹ̀ irú fíìmù kéékèèké yẹn gan-an lo nílò báyìí. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ tó o ò kà sí ni PR yẹn. Ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ kan wà tó ń jẹ́ CAVCO, òun ló ń sọ bóyá fíìmù kan jẹ́ ti Kánádà. Máàkì 10 ló wà, fíìmù gbọ́dọ̀ gba 6 ó kéré tán. Olùdarí nìkan ní 2, ẹni tó kọ ìwé eré ní 2, bí àwọn méjèèjì bá sì jẹ́ àjèjì, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ọmọ ìlú àti ẹni tó ní PR, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú òfin yìí. Ẹni tó ń fi ìwé àṣẹ iṣẹ́ lásán gbé ibí kò sí nínú rẹ̀. Fíìmù tó bá yege lè gba 25% padà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nínú owó tí wọ́n san fún òṣìṣẹ́, Ontario náà sì ní 35% tirẹ̀. Tó o bá kọ ìwé eré, tó o sì darí rẹ̀, máàkì 4 lo gbé wá fún pùrodúsà. Jẹ́ kó mọ̀! Kò sóhun ìtìjú níbẹ̀. Owó náà kì í tètè dé ṣá o: ìgbà tí fíìmù bá parí, tí ìwé owó orí bá ti wọlé, ni ìjọba ń san án, báǹkì ni pùrodúsà sì ń lọ yáwó sí i lórí ṣáájú.

Fún ìbẹ̀rẹ̀, fíìmù kúkúrú ni kó o ṣe. Canada Council for the Arts àti Ontario Arts Council ń fún oníṣẹ́ ọnà lówó tí kì í ṣe ẹ̀yáwó, wọ́n sì fẹ́ kí àṣẹ lórí fíìmù náà wà lọ́wọ́ olùdarí fúnra rẹ̀. Ní Toronto, ẹgbẹ́ LIFT, tí àwọn olùdarí dá sílẹ̀ ní 1981, ń yá ọmọ ẹgbẹ́ ní kámẹ́rà àti irinṣẹ́ ní owó pọ́ọ́kú. Telefilm Canada, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń náwó sí fíìmù, ní ètò kan fún àwọn tó ń ṣe fíìmù gígùn àkọ́kọ́, Talent to Watch lorúkọ rẹ̀. Àmọ́ o ti darí fíìmù n'Íbàdàn, nítorí náà bi wọ́n bóyá wọ́n máa kà á mọ́ ọ lọ́rùn kó o tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù.

Ní ti jíjẹ àti mímu: ọ̀nà kan ò wọjà. Wo olùdarí kan tó ń jẹ́ Clement Virgo. Jàmáíkà ni wọ́n ti bí i, ọmọ ọdún 11 ni nígbà tó dé Kánádà. Fíìmù gígùn rẹ̀ àkọ́kọ́, Rude, dé àjọ̀dún fíìmù Cannes ní ilẹ̀ Faransé ní 1995. Ó darí àwọn apá kan nínú The Wire, eré tẹlifíṣọ̀n kan ní Amẹ́ríkà, ó darí The Book of Negroes, eré alápá mẹ́fà tí CBC, ilé tẹlifíṣọ̀n ìjọba Kánádà, gbé jáde ní 2015, kó tó wá ṣe Brother ní 2022, fíìmù tó gba ẹ̀bùn 12 ní Canadian Screen Awards. Ọdún 27 ló wà láàárín fíìmù méjì yẹn. Tẹlifíṣọ̀n wà nínú rẹ̀ dáadáa, mi ò sì rí ẹni tó lè sọ pé ó ba ọwọ́ rẹ̀ jẹ́.

Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n ibí yàtọ̀ sí lókéṣọ̀n tó o ti ń ṣe ọ̀gá. Òǹkọ̀wé tó ni eré náà ló ni àṣẹ. Olùdarí dà bí ẹni tí wọ́n pè wá dáná nílé onílé: ìkòkò wọn, iná wọn, ìwọ̀n iyọ̀ wọn. Fíìmù tìrẹ nìkan lo ti lè se ọbẹ̀ bó ṣe wù ọ́, ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kó o fi í sílẹ̀ láé.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ ìwé. A mọ bá a ṣe ń ṣe nílé: ẹ̀gbọ́n gbé ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún wa ká yàwòrán, ọ̀rẹ́ kọrin sí i, kò sẹ́ni tó fọwọ́ síwèé. Ilé tẹlifíṣọ̀n ibí kò ní ra fíìmù bẹ́ẹ̀, ilé ínṣọ́ránsì kò sì ní gbà á. Mo ti ṣe ìṣirò fíìmù kan rí tó jókòó lọ́dún kan gbáko nítorí orin kan ṣoṣo tí ẹni tó kọ ọ́ kò fọwọ́ sí. Olùdarí rẹ̀ sunkún níwájú mi. Òṣèré, onílé, olórin, òǹkọ̀wé: gbogbo wọn ni kó o jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ síwèé kí kámẹ́rà tó ṣí.

Ilé ìkẹ́rù tó o wà lóru yẹn, àwọn wo lẹ jọ wà níbẹ̀? Èdè mélòó lẹ̀ ń sọ nígbà tí ẹ bá ń jẹun ní agogo mẹ́ta òru? Kọ ìwé eré oníṣẹ́jú mẹ́wàá lórí rẹ̀, fi ránṣẹ́ sí mi, màá bá ọ ṣe ìṣirò owó rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀.